Táyà Tó Wà Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Bọ́tà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Páálí mẹ́fà ló wà nínú búùtù Sienna kọ́sítọ́mà mi, oòrùn ọ̀sán inú Oṣù Kẹta 2022 sì dà lé e lórí bí ẹni tó ń bá a jà. Nígbà tí aago méjì fi máa lù, òróró ti ń kán láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń tọ ẹ̀gbẹ́ kónkéré lọ sínú gọ́tà, eèrà sì ti tò tẹ̀lé e. Eèrà ló débẹ̀ ṣáájú mi. Kánsù ló débẹ̀ ṣáájú gbogbo wa.

Irin ofeefee ni wọ́n fi de táyà iwájú ọkọ̀ náà. Kílámùpù. Obìnrin tó ni ọkọ̀ ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó, alẹ́ ọjọ́ yẹn ló sì fẹ́ lo bọ́tà náà. Kò tíì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. A ṣì ń ka owó lọ́wọ́ ni ọmọ tó ń bá mi tajà sáré wọlé pé, "Mọ́mì, wọ́n ti ti ọkọ̀ wọn pa o."

Ohun èlò kéèkì àti búrẹ́dì ni mò ń tà, ní Mainland, Èkó. Mi ò ní dárúkọ títì yẹn, mi ò sì ní dárúkọ kánsù náà, torí ibẹ̀ ni mo ṣì ti ń jẹun. Ẹni tó bá mọ irú ọjà yìí mọ̀ pé kì í ṣe ọjà téèyàn ń rà sínú lailọ́ọ̀nù. Àpò fuláwà kan, kílò 50 ni. Àpò ṣúgà náà, kílò 50. Alábàárù lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi, kò lè gbé e dé bọ́sítọ́ọ̀bù, oníkéèkì ò sì lè gbé e wọ danfo kí kọ̀ndọ́ má gba owó èrò méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ìdajì ọjà mi ò sí nínú ṣọ́ọ̀bù rárá. Ìta ló wà, lórí ilẹ̀ tí ọkọ̀ méjì lè gbà. Kọ́sítọ́mà tí kò bá ríbi páàkì á juwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀, á béèrè àlàáfíà ilé, á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró ti irin náà pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán, orúkọ kankan ò sí lára rẹ̀. Táyà tí mo fi ń di ààyè mú fún kọ́sítọ́mà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, wọ́n ti yí i kúrò. (Màá padà sórí ọ̀rọ̀ táyà yẹn. Kì í wù mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.)

"Mà, wọ́n páàkì sórí ìlà ni."

"Ìlà wo?"

Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí i. Lóòótọ́, ìlà funfun kan wà nílẹ̀. Òru Sátidé mọ́jú Sunday ni wọ́n wá kùn ún, àwa sì rò pé wọ́n fẹ́ tún títì ṣe ni, inú wa tiẹ̀ dùn. Wọn ò gbálẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Ibì kan wà tí wọ́n kun ọ̀dà kọjá lórí ọ̀rá píọ̀wọ́tà. Nígbà tí atẹ́gùn gbé ọ̀rá náà lọ, ó gbé ìlà lọ pẹ̀lú, ó wá ku àlàfo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Táyà Sienna ò jìnnà sí àlàfo náà. Mo sọ fún ọmọ yẹn pé bóyá inú àlàfo ni obìnrin yìí páàkì sí. Kò rẹ́rìn-ín.

₦25,000 ni wọ́n ní ká mú wá. A bẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tí mo bá mú ₦10,000 wá, wọn á tú u, ṣùgbọ́n kò ní sí rìsíìtì. Mo wo bọ́tà tó ń kán. Ẹ̀mí kan ní kí n san ₦10,000, kí n lọ jókòó. Mi ò mọ ohun tó gbé mi wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ní rìsíìtì ni mo fẹ́. Mo san ₦25,000 láti àpò ara mi, torí kọ́sítọ́mà tí wọ́n bá ti so ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ, tí ó bá fi owó ara rẹ̀ san án, kò ní padà wá mọ́. Wọ́n kọ rìsíìtì. Nígbà tí mo wọlé tí mo gbé awò sójú, mo rí i pé "owó àyíká" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìlà.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n mú ìwé owó wá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì mi: ₦120,000 lọ́dọọdún, fún "ìlò iwájú ṣọ́ọ̀bù". Gbogbo wa ni wọ́n fún, láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta aṣọ òkìrìkà, ẹni tí kọ́sítọ́mà rẹ̀ ò gbé ọkọ̀ wá rí láti ọjọ́ tó ti dé àdúgbò yẹn. Bọ́ọ̀dá fọkanáísà nìkan ni wọn ò fún, torí kò ní gíláàsì tí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo lọ sí sẹkiteríàtì kánsù lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá wà ní mítìnnì. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá ti jáde. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn tó wá gba ìwé ìbí ọmọ àti àwọn tó wá forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, fáànù òkè ń yí lọ́nà tó jẹ́ pé èèyàn lè ka abẹ́ rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá béèrè: kí wọ́n fi òfin tó ní kí n san owó yìí hàn mí. Akọ̀wé kan wò mí bíi pé mo ní kí wọ́n fi ìdí àgbàlagbà hàn mí. Nígbà kẹta, wọ́n fún mi ní ẹ̀dà ojú ìwé kan ṣoṣo. Ó bẹ̀rẹ̀ láti (d). Mo ní (a) ńkọ́? Wọ́n ní èyí tó kàn mí nìyẹn.

Lọ́yà kan wà tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kọ́sítọ́mà mi. Kò gba owó lọ́wọ́ mi, kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ni mo fi ohun èlò rẹ̀ ta á lọ́rẹ. "Ìyá Oníbọ́tà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká kà á." Ó mú òfin kan jáde, ti ọdún 1998, èyí tó to owó-orí àti owó yòókù tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà ní Nàìjíríà lẹ́sẹẹsẹ: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìbílẹ̀. Ó ń ka ti ìbílẹ̀, mo ń gbọ́: owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì, owó ilé, owó ibi ìpẹran, owó ọjà, owó mọ́tò páàkì, owó kẹ̀kẹ́ ológeere, ti ọkọ̀ ojú omi, ti bárò. Mo ń gbàdúrà nínú pé kó má dárúkọ rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀. Owó ìgbọ́kọ̀síbi-tí-kò-yẹ wà níbẹ̀ gbangba. Kánsù lè gbà á.

Inú mi bà jẹ́ gan-an. Mo ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò fún oṣù kan gbáko pé olè ni wọ́n, pé kò sóhun tó kan kánsù nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Lọ́yà ní kí n fara balẹ̀. Ó ní kí n wò ó dáadáa: ẹni tó bá gbọ́kọ̀ sí ibi tí kò yẹ ni òfin sọ. Kò sọ pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ máa san owó ọdọọdún fún iwájú ògiri rẹ̀. Èyí ò sí lórí ìwé náà. Òfin kan náà sì sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá gba owó tí kò sí lórí rẹ̀, tàbí tó dí títì láti fi gba owó-orí, lè san ₦50,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì pọ̀. Mo bi í bóyá ó ti rí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n yẹn rí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ká máa kàwé wa lọ.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lórí ìwé náà ni owó àríyá àti dídí títì. Ó wà níbẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kánópì sójú títì ní Sátidé, tí ẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti sípíkà dí ọ̀nà mọ́jú, kánsù lè gbowó lọ́wọ́ yín. Lọ́dún yẹn náà, mo rí òwàmbẹ̀ mẹ́ta ní títì wa, ọ̀kan jẹ́ ìsìnkú bàbá kan tó ní ọmọ púpọ̀, láti Friday ni ọkọ̀ kankan ò ti lè kọjá. Kò sẹ́ni tó de kánópì ní kílámùpù. Ó dáa, àwa náà jẹ ìrẹsì níbẹ̀.

Lọ́yà yìí kan náà ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí ìlà fi wà lápá ọ̀dọ̀ wa tí kò sí lódìkejì. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 mọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 ní Èkó. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ gé wọn sí wẹ́wẹ́, ó dá agbègbè ìdàgbàsókè 37 sí i, ó wá di kánsù 57. Àárín títì wa ni ààlà gbà. Ẹni tó ń ta bátìrì ní iwájú mi, tí mo lè kí láti orí àga mi, ó ní alága tirẹ̀. Ọkọ̀ tó bá páàkì síbẹ̀ ò ṣẹ̀ sẹ́nikẹ́ni. Lórí gbogbo rẹ̀, ìpínlẹ̀ tún ní àjọ tirẹ̀, LASPA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbọ́kọ̀sí káàkiri Èkó. Ilẹ̀ tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ, mo wá ń wò ó bí ilẹ̀ tí ìdílé mẹ́ta ń bá ara wọn jà lé lórí ní kóòtù.

Ó tún ṣí Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin yẹn fún mi. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà níbẹ̀: mọ́tò páàkì, ọjà, títì, iná títì, gọ́tà, ìdọ̀tí. Mo dúró lórí gọ́tà. Gọ́tà iwájú mi, èmi àti oníkẹ́mísì là ń dá owó kó o ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, a ń sanwó fún àwọn ọmọkùnrin tó ń wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ìwé kan náà tó fi mọ́tò páàkì sábẹ́ wọn ló gbé gọ́tà lé wọn lọ́rùn. Èyí ni mo ní kí lọ́yà kọ sínú lẹ́tà, ó sì kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fi èdè rọ̀ ọ́ débi pé mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Oṣù Kẹfà ni wọ́n dáhùn. Wọn ò kọ̀wé, èèyàn ni wọ́n rán. Bàbá kan tó ti ń sún mọ́ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́ àti ọmọkùnrin kan tó ń bá a di orí rẹ̀ mú. "Ẹ kú ọjà o, Ìyá." Ó bọ́ fìlà nígbà tó wọlé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ láti àárọ̀, ìkíni yẹn gba ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ó wọn láti etí gọ́tà dé ògiri. Ó wọn láti etí gọ́tà dé ìlà. Ó wo òkè ilé, ó wo ẹnu ọ̀nà mi. "Ibi tí ẹ ti ń tajà yìí, Ìyá, yàrá ni tẹ́lẹ̀."

Òótọ́ ni. Fésì-mí-n-fésì-ọ ni ilé náà, yàrá mẹ́jọ tó kojú síra wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, onílé fúnra rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sọ fún mi. Ẹnikẹ́ni ò ro ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́ ilé náà. Nígbà tí àwọn ọmọ jogún rẹ̀, wọ́n fọ́ yàrá méjì iwájú, wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Gbogbo títì wa bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ bá rìn láti Yábà dé Múṣin, ẹ ó rí i: ojú fèrèsé tó ti di ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹnu ọ̀nà tó ti di kóńtà. Yàrá tí èèyàn mẹ́ta ń sùn sí wá di ibi tí èèyàn ọgọ́ta ń wọlé lójúmọ́, ìdajì wọn ló ń gbé ọkọ̀ wá. Níbo ni wọ́n fẹ́ páàkì sí? Kì í ṣe kánsù ló fa èyí. Kì í ṣe èmi náà ni.

Ó wá fi téèpù tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. "Èyí ńkọ́? Tiyín ni?"

Táyà ni. Táyà ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti já, mo rà á lọ́wọ́ bọ́ọ̀dá fọkanáísà nígbà Kérésìmesì 2016, nígbà tí ọjà le tí danfo ń wá já èrò síwájú mi. Bíríkìlà kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé kejì ló bá mi po kónkéré sínú rẹ̀, ó ri páìpù mọ́ àárín, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní pupa àti funfun. Pátákó kékeré wà lórí páìpù náà: KÌ Í ṢE IBI ÌGBỌ́KỌ̀SÍ, ÀFI ONÍBÀÁRÀ. Ọmọ tó ń bá mi tajà ń yí i kúrò nígbà tí kọ́sítọ́mà bá dé, ó ń yí i padà nígbà tó bá lọ. Ọdún mẹ́fà. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ní àmì rẹ̀, òbìrípo dúdú kan.

Mo lè sẹ́. Fọkanáísà ti gbé ojú sílẹ̀, kò ní tú mi fó. Mo ní tèmi ni.

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bi àwọn èèyàn yìí ní ìbéèrè yẹn gan-an. Mo lọ sẹ́kiteríàtì lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí rẹ̀. Èmi náà ò ní rìsíìtì. Èmi náà ò ní (a), mi ò tiẹ̀ ní (d).

Òjò kan wá sí mi lọ́kàn, ti ọdún 2019. Obìnrin kan dé, ó ń wá kẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ mi, ọmọ kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó yí fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun yí táyà kúrò, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mo wà lórí àga mi. Mo ní kọ́sítọ́mà mi ń bọ̀. Kò sí kọ́sítọ́mà tó ń bọ̀, òjò ni, ta ló ń ra fuláwà nínú òjò? Ó lọ páàkì sí ìkòríta, ó pọn ọmọ náà, ó sì rìn padà nínú àgbàrá. Bàtà ọmọ náà kan já bọ́ sínú ẹrẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Ọmọ tó ń bá mi tajà ló sáré mú un lọ bá a. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi náà ò bi í pé kí ló dé.

Mi ò sọ èyí láti fi dá kánsù láre o. Ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì ìjọba tó ní kí n mú ₦10,000 wá láìsí rìsíìtì, tó jẹ́ kí bọ́tà ẹni ẹlẹ́ni yọ́ sójú títì, ohun tó ṣe ò di dáadáa torí pé èmi náà ní táyà. Èmi ò búra fún ẹnikẹ́ni kí n tó jókòó sórí àga mi. Àwọn búra. Ìwé tó sọ ibi tí agbára wọn mọ wà, ojúṣe wọn sì ni láti fi hàn wá bí a bá béèrè, láti (a). Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ mi, mi ò lè dé ibi "wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ wa" kí ohùn mi má já. Ilẹ̀ ta?

Bàbá yẹn ká téèpù rẹ̀. Ó ní kí n gbé táyà kúrò, òun á bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ₦120,000 yẹn. "Ẹ jẹ́ ká pa á tì, Ìyá." Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìwé ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́yà ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ká lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá èèyàn parí ìjà níbẹ̀, tí kò bá ṣeé ṣe ká gba kóòtù lọ. Mo rò ó. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn èèyàn yìí ló sì ń wá wo ìwé-àṣẹ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dọọdún. Mi ò lọ. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni àbí ojo.

Táyà náà, mo fún fọkanáísà. Wáyà ẹ̀rọ ìfẹ́táyà rẹ̀ ló ń so mọ́ páìpù rẹ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ tí mo gbé e kúrò kò pé kí ọmọkùnrin méjì tó dúró sórí òbìrípo dúdú náà, wọ́n ń fi aṣọ ìnujú pe ọkọ̀ wọlé, "Wá bọ̀, wá bọ̀, ṣẹ́ ọwọ́ rẹ," wọ́n sì ń gba ₦200 lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà mi kọ̀ọ̀kan. Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Ọ̀kan ní kánsù. Èkejì ní àdúgbò. Òjò ọdún yẹn àti èyí tó tẹ̀lé e ti fọ ìlà funfun lọ, ìdajì ìka ló kù lẹ́bàá ibi tí ọ̀rá píọ̀wọ́tà wà.

Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ ní 11 Oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà láti Àbújá, fọkanáísà gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sáré wọlé. "Ìyá, ṣé wọn ò ní wá gbowó lọ́wọ́ wa mọ́ nìyẹn?" Mo ní kó lọ bi wọ́n. Ó padà sídìí táyà rẹ̀.

Ní Oṣù Kìn-ín-ní tó kọjá, wọ́n tún mú ìwé wá. Orúkọ ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú mi ló wà lórí rẹ̀, obìnrin kan tó ń ta ìgò lọ́fínńdà, tó ti kó lọ sí Ìkòròdú láti ọdún wo. Iye owó ti yí padà, orúkọ owó náà ti yí padà pẹ̀lú. Mo lu ihò sí i, mo kó o sínú fáìlì lẹ́yìn rìsíìtì "owó àyíká". Fáìlì náà ti ń nípọn. Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ọkọ̀ kan ń fọn fèrè níta, oníkéèkì Sienna yẹn ni, páálí bọ́tà mẹ́jọ ló ní òun fẹ́ gbé. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ibi tó páàkì sí.